Bí Tiger kékeré rẹ ṣe lè rí bí èyí tó ja ogun Tùníṣíà

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mò ń gbé. Mo ra táńkì ogun Tiger I ti Tamiya, ìwọ̀n 1/16, èyí tí a ń fi rìmóòtù darí. Mo fẹ́ kó rí bí àwọn tó jà ní Tùníṣíà lọ́dún 1943. Mo tò ó parí, mo kùn ún, ṣùgbọ́n ńṣe ló rí bí ohun ìṣeré ọmọdé. Mo wo fídíò kan, mo wá fi àwọ̀ ìpáàrà sí i káàkiri, ó tún burú sí i. Bí mo bá sì ń wà á, ọ̀dà ń bó lára àwọn wíìlì, ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ òsì sì máa ń bọ́ tí mo bá ń yà. Ṣé kí n bó gbogbo ọ̀dà yìí kúrò, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun?"

Àbúrò mi, o kú ìnáwó, o kú ìnára. Má bó o. Ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ yẹn ṣì máa wúlò. Ohun tí mo rí nínú àlàyé rẹ ni pé o kun ún kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dúró dáadáa, o sì fi ìpáàrà sí i kí o tó bi ara rẹ léèrè ibi tí táńkì náà ti ń bọ̀. Táńkì tí ń rìn kò dà bí èyí tí a gbé kalẹ̀ fún wíwò. Ibi tí nǹkan ti ń ha nǹkan lára rẹ̀ ló máa pinnu ibi tí ọ̀dà lè dúró sí. Ibi tó ti jà, oṣù tó jà níbẹ̀ àti bó ṣe pẹ́ tó ló sì máa pinnu irú ìdọ̀tí tó yẹ kó gbé sára. Tí o bá ti mọ méjèèjì, ìwọ fúnra rẹ á mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ rẹ dúró.

Ìtàn rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ gbọ́. Nínú àwọn Tiger tó jà ní Tùníṣíà, èyí tí ayé mọ̀ jù ni èyí tí wọ́n kọ 131 sí lára, tó wà ní Tank Museum ní Bovington, ní Dorset, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí o wà yẹn. Nọ́ńbà yẹn ní ìtumọ̀: kọ́ńpínnì kìíní, ẹ̀ka kẹta, táńkì kìíní nínú ẹ̀ka náà. Ilé iṣẹ́ Henschel ní ìlú Kassel ló ṣe é ní oṣù kejì ọdún 1943. Wọ́n kó o gba orí òkun lọ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun táńkì 504. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún kan náà, ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọta ìbọn 6-pounder láti ara táńkì Churchill wọn ló há sí ìdí ilé ìbọn rẹ̀ tí kò fi lè yí mọ́, àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀ bá fi í sílẹ̀. Ọba George Kẹfà àti Winston Churchill pàápàá lọ wò ó ní Tunis.

Wá ṣírò rẹ̀. Láti ìgbà tó ti jáde ní ilé iṣẹ́ títí dìgbà tí wọ́n gbà á, kò pé oṣù mẹ́ta. Irin tó nípọn tó 100 mílímítà níwájú, tí wọ́n fi práímà pupa kùn kí wọ́n tó fi ọ̀dà lé e, báwo ló ṣe máa dógùn-ún láti orí dé ẹsẹ̀ láàárín ìgbà tó kéré bẹ́ẹ̀? Ìdí tí ìpáàrà tí o fi sí i fi bà á jẹ́ nìyẹn. Ojú ẹni tó ń wò ó lè má mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé nǹkan kan kò bára mu. Táńkì tó jókòó sínú igbó fún ogún ọdún ló máa ń ní irú ìpáàrà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èyí tó ṣì ń yìnbọn.

Ibi mẹ́ta péré ni mo máa gbà ọ́ láyè láti fi ìpáàrà sí. Èkíní ni sàlẹ́ńsà méjèèjì tó wà lẹ́yìn, torí iná wọn máa ń jó ọ̀dà kúrò láàárín ọjọ́ díẹ̀, irin tó sì ṣí sílẹ̀ tó ń gbóná tó ń tutù kì í pẹ́ dógùn-ún. Èkejì ni ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀, òun náà kì í ní àwọ̀ ọsàn o, àwọ̀ ilẹ̀ dúdú ló máa ń ní. Ẹ̀kẹta ni okùn wáyà tí wọ́n fi ń fa táńkì tó bá rì. Ibi yòókù tí o ti fi ìpáàrà sí, fi sáńpépà 1000 olómi ha á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí o tún ọ̀dà kùn lé e lórí.

Lórí àwọ̀ ọ̀dà náà. Tó bá jẹ́ XF-60 ti Tamiya lo lò, àwọ̀ yẹ́lò dúdú ti Jámánì nìyẹn. Oṣù kejì ọdún 1943 ni wọ́n pàṣẹ rẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀ ogun, òun la sì máa ń rí lára àwọn Tiger tó jà ní Rọ́ṣíà lẹ́yìn náà. Èyí tí wọ́n kun 131 sí ní Bovington ni RAL 8000 (RAL ni nọ́ńbà tí àwọn Jámánì fi ń dá àwọ̀ mọ̀), tó jẹ́ yẹ́lò tó fà sí àwọ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú àwọn àbàwọ́n RAL 7008, tó jẹ́ eérú tó fà sí ewé. Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà módẹ́ẹ̀lì ń ta méjèèjì pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, o kò nílò láti po ohunkóhun. Àwọn àwọ̀ méjèèjì sún mọ́ra débi pé nínú fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun, agbára káká ni ojú fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí lára tìrẹ. Bí ẹni tó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mélòó kan bá lè tètè ka àbàwọ́n rẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti hàn jù. Fi omi ọ̀dà yẹ́lò tó ṣàn gan-an kọjá lórí gbogbo rẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́ mọ́ra. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ láti fi Zimmerit, ìyẹn lẹ́ẹ̀pọ̀ onílà-ìlà tí wọ́n ń rẹ́ mọ́ ara táńkì Jámánì, sí i. Nǹkan bí oṣù kẹsàn-án ọdún 1943 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ, ogun Tùníṣíà sì ti parí ní oṣù karùn-ún.

Ṣùgbọ́n kí o tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú. Tú ẹ̀wọ̀n méjèèjì kúrò. Gbé táńkì lé orí nǹkan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kanlẹ̀, tan án, kí o sì wo bí wíìlì eléyín iwájú ṣe ń yí. Tó bá ń mì lọ mì bọ̀, síkúrù rẹ̀ kò le tó tàbí kí ojú rẹ̀ má jókòó dáadáa lórí ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, mú rúlà irin tó gún régé, gbé e lé ẹ̀gbẹ́ wíìlì eléyín, kí o nà án gba ẹ̀gbẹ́ àwọn wíìlì títí dé wíìlì ẹ̀yìn tó ń fa ẹ̀wọ̀n le. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan. Bí ẹ̀wọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan bá ń bọ́ tí ti ẹ̀gbẹ́ kejì kò bọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé wíìlì ẹ̀yìn yẹn ló ti fì sínú díẹ̀, torí agbára ẹ̀wọ̀n ń fà á síwájú lójoojúmọ́, ihò tí ọ̀pá rẹ̀ wọ̀ sì ti gbòòrò. Wọ́ṣà kan tàbí méjì tó fẹ́lẹ́ á gbé e padà sí ipò rẹ̀. Wá ka ojú ẹ̀wọ̀n méjèèjì, kí wọ́n dọ́gba. Ti Tiger gidi jẹ́ 96 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, tìrẹ náà ní iye tí ìwé ìtọ́ni rẹ̀ kọ síbẹ̀, ẹni tó ń tò ó sì lè ṣèèṣì fi ẹyọ kan lé e ní apá kan.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fa ẹ̀wọ̀n le gan-an nígbà tó bá ń bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Tiger. Kò ní wíìlì kéékèèké tó ń gbé ẹ̀wọ̀n dúró lókè bíi ti táńkì Sherman ti Amẹ́ríkà, orí àwọn wíìlì ńlá rẹ̀ gan-an ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ máa ń sùn lé. Bí o bá fà á le bí okùn gìtá, yàtọ̀ sí pé kò jọ ti gidi mọ́, o ń fi ẹrù tí kò yẹ lé gíà àti mọ́tọ̀ lórí ni. Jẹ́ kó sùn lé orí wíìlì, kó sì dìde díẹ̀ bó bá ti ń sún mọ́ wíìlì eléyín níwájú. Bí ìlà àwọn wíìlì bá gún, kò ní bọ́.

Ti ọ̀dà tó ń bó lára wíìlì wá ńkọ́? Tiger ní ọ̀pá wíìlì mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti ìgbà Tùníṣíà sì ní wíìlì mẹ́ta lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 24 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tí a kì bọ ara wọn. Bí wíìlì kan bá ń rìn sọ́tùn-ún sósì lórí ọ̀pá rẹ̀, yóò máa ha èyí tó wà nítòsí rẹ̀, kò sì sí ọ̀dà tó máa dúró níbẹ̀. Fi wọ́ṣà dí àyè tó ṣẹ́ kù, kí wíìlì máa yí nìkan láìrìn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni kí o wá fi ọṣẹ ìfọwó fọ wọ́n dáadáa, torí òróró ilé iṣẹ́ àti gírísì ọwọ́ rẹ máa ń wà lára wọn. Ha wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, fi práímà kùn wọ́n, kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ojú ibi tí wíìlì ti ń kan ẹ̀wọ̀n, má kùn ún rárá. Ilẹ̀ ni yóò kun ìyẹn fún ọ.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o gbà lọ́wọ́ mi gidigidi, torí ó ti ba táńkì olówó ńlá jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà táńkì ńlá tó ń rìn ni wọ́n fi ike ABS ṣe, torí ó lágbára ju ike módẹ́ẹ̀lì lásán lọ. Ọ̀tá ABS ni tínà ọ̀dà enamel àti white spirit. Bó bá ṣàn lọ síbi tí ike náà ti ń nà, bí ìdí síkúrù, ihò ọ̀pá wíìlì, tàbí apá tó gbé wíìlì dúró, yóò wọ inú rẹ̀ lọ, ike náà á sì sán. Nígbà mìíràn kì í ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. O lè kun ún lónìí, kó tó ọ̀sẹ̀ kan kí apá wíìlì tó ṣẹ́ bó ti ń gun orí òkúta. Nítorí náà, àwọ̀ acrylic ni kí o fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ibi tó bá di dandan kí o lo ọ̀dà òróró tàbí enamel, kọ́kọ́ fi fáníìṣì acrylic bò ó dáadáa, kó gbẹ pátápátá, kí o wá lo díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín, kó má dá adágún síbì kankan. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀, má lò ó rárá. Gúlù tí a ń fi sí síkúrù kó má baà tú, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe sí ike: irin sí irin nìkan ni kí o máa fi í sí.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti rìn fún bíi ìdajì wákàtí tí nǹkan kan kò bọ́, a lè wá sọ̀rọ̀ nípa àmì ìlò. Ìwọ̀n ni kí o fi sọ́kàn jù. Ìwọ̀n 1/16 túmọ̀ sí pé mílímítà 1 lára tìrẹ jẹ́ mílímítà 16 lára ti gidi. Ibi tí ọ̀dà ti bó tí o fi orí búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ tó mílímítà 3, lára táńkì gidi, ó ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ta ló ha ọ̀dà tó bẹ́ẹ̀ kúrò lára irin tuntun? Òkúta wẹ́wẹ́ inú ọgbà rẹ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ti di àpáta lẹ́bàá Tiger kékeré. Torí náà, erùpẹ̀ tí o bá máa lò, fi asẹ́ tó kúnná jù lọ jọ̀ ọ́, kí o tún un jọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù tó dà bí àtíkè ni tìrẹ.

Ibi tí ọ̀dà ti máa bó, wá a nípa bíbéèrè ibi tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ń gbà. Èèyàn márùn-ún ló wà nínú Tiger. Wọ́n á gun iwájú, wọ́n á tẹ mọ́dígáàdì, wọ́n á di etí ilé ìbọn mú, wọ́n á wọlé láti òkè. Etí ilẹ̀kùn wọn, orí mọ́dígáàdì àti igun ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nìkan ni kí o fi fóòmù kékeré tó ní ọ̀dà díẹ̀ kàn. Kọ́kọ́ nù ún sára pépà títí tó fi kù díẹ̀ kó tán. Práímà pupa ló máa yọ, kì í ṣe irin tó ń dán. Lórí àwọn etí tó mú jù, o lè fi pẹ́ńsùlù dúdú ra á lẹ́ẹ̀kan. Ó tó.

Yàtọ̀ wà láàárín irin tó nípọn àti páànù. Ara Tiger, bíríkì irin ni. Kò ní tẹ̀, kò ní ká. Ṣùgbọ́n mọ́dígáàdì rẹ̀ àti páànù tí wọ́n fi bo sàlẹ́ńsà, páànù tín-ín-rín ni wọ́n, ogun kì í sì í dá wọn sí. Igi á gbá wọn, ògiri á ká wọn, ẹlòmíràn á já sọnù. Ti ike tó wà lára tìrẹ nípọn jù. Mú agolo ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, gé ara rẹ̀. Ó nípọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, tó bá sì di ti gidi, ó di nǹkan bíi mílímítà kan àbọ̀, ó bá a mu. Fi ike tirẹ̀ ṣe àwòṣe, gé e, ká a sí i, kí o wá fi ẹ̀mú tẹ etí rẹ̀ síbí sọ́hùn-ún. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, kò sì sí ohun mìíràn nínú gbogbo iṣẹ́ yìí tó ń yọ ojú ohun ìṣeré kúrò lára táńkì kíákíá bẹ́ẹ̀.

Eruku ló kù, òun sì ni olórí gbogbo ohun tí mo ní láti sọ fún ọ. Ọ̀pọ̀ ń gbọ́ "Áfíríkà" wọ́n ń ronú iyanrìn Sàhárà. Àríwá Tùníṣíà níbi tí 504 ti jà, ilẹ̀ oko ni, ilẹ̀ àlìkámà àti òkè ólífì ní àfonífojì Medjerda. Òjò àti ẹrẹ̀ ibẹ̀ ló dá àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà dúró ní oṣù kejìlá ọdún 1942 tí wọn kò fi tètè dé Tunis. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ilẹ̀ ti ń gbẹ, ẹrẹ̀ ti ń di eruku. Nítorí náà, nísàlẹ̀ ara táńkì rẹ, láàárín wíìlì àti lábẹ́ mọ́dígáàdì, ó yẹ kí ẹrẹ̀ tó ti gbẹ wà níbẹ̀. Lókè, eruku tó ṣú díẹ̀, tó fà sí eérú, kì í ṣe èyí tó pọ́n bí iyanrìn aṣálẹ̀.

O rántí bí ọyẹ́ ṣe máa ń ṣe mọ́tò tí wọ́n gbé sí ìta nílé. Orí rẹ̀ gbogbo á funfun, igun gíláàsì á gba eruku jọ, ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ ń dì láti ṣílẹ̀kùn á mọ́, ibi tí omi bá ti ta sí á fi ìlà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣe táńkì rẹ. Po ọ̀dà Tamiya XF-57 (Buff) mọ́ XF-49 (Khaki) díẹ̀, kí tínà pọ̀ ju ọ̀dà lọ, nǹkan bíi mẹ́sàn-án sí ẹyọ kan. Fi airbrush, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà, fọ́n ọn láti òkè wá sílẹ̀ bí òjò, ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí o sì dúró kí o wò ó kí o tó tún un fọ́n. Kó pọ̀ lórí ẹ̀yìn táńkì, níbi tí ẹ̀wọ̀n ń ju eruku sí. Kó tó gbẹ tán, fi òwú etí tó ní tínà díẹ̀ nu ibi tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ń kàn, nu ojú ihò ìríran, nu àyíká ilẹ̀kùn. Níbi tó bá ti dúró gedegbe, fi búrọ́ọ̀ṣì tútù fà á sísàlẹ̀ ní ìlà tín-ín-rín. Ọjọ́ méjì ni kí o pín in sí. Ojú tó bá ti rẹ̀ kì í mọ ìgbà tí eruku ti tó.

Eruku yìí ló fà á tí àwọn Tiger ìgbà yẹn fi ní àgbá Feifel méjèèjì lẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn túùbù ńlá tó gba orí ẹ́ńjìnnì kọjá. Wọ́n ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì Maybach. Má gbàgbé wọn, kí o sì jẹ́ kí ìdí wọn dọ̀tí ju gbogbo ẹ̀yìn yòókù lọ.

Ibẹ̀ náà ni epo máa ń dà sí. Tiger ń gba nǹkan bíi lítà 540 epo bẹntiróòlù, jálá lítà 20 ni wọ́n sì ń fi ọwọ́ dà á. Ìyẹn jẹ́ jálá 27 kí ó tó kún. Kò sí ọmọ ogun tó lè da jálá 27 láìta díẹ̀ sílẹ̀. Fi fáníìṣì tó ń dán díẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ dúdú, kán an ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta sí ojú ibi tí wọ́n ń da epo sí, kí ọ̀kan ṣàn díẹ̀. Nínú ihò ẹnu ìbọn ńlá náà, fi dúdú sí i fún èéfín.

Sàlẹ́ńsà, ibi tí mo ní kí o ti lo ìpáàrà, ṣe é ní ìpele. Àwọ̀ ilẹ̀ dúdú ni kó wà nísàlẹ̀, kí o fi fóòmù kan àwọ̀ ilẹ̀ pupa lé e káàkiri, kí ọsàn wà ní ojú díẹ̀ péré, kí òkè rẹ̀ ní dúdú èéfín. Páànù tó bò ó, ọ̀dà rẹ̀ ṣì máa wà níta, ìdí rẹ̀ nìkan ló máa ti jó.

Ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ike, kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀ dúdú tó fà sí eérú, kí o jẹ́ kí ọ̀dà náà fẹ́lẹ́, torí ọ̀dà tó nípọn máa ń dí ojú ìkọ́ tí ẹ̀wọ̀n fi ń ká. Tó bá jẹ́ pé o ti fi onírin pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ irú wọn ní síǹkì nínú, síǹkì kì í sì í dógùn-ún bí irin. Bí o bá fi ọtí kíkan àti iyọ̀ rẹ ẹ́ dalẹ̀, àwọ̀ ìpáàrà kò ní yọ. Omi tí wọ́n fi ń sọ irin di dúdú ni kí o rà. Fọ òróró kúrò lára rẹ̀ ná, rì í sínú rẹ̀, fọ̀ ọ́, gbẹ ẹ́. Má tún kùn ún. Wà á lórí kọnkéré fún ìgbà díẹ̀, ojú tó ń kanlẹ̀ á dán fúnra rẹ̀ bí ti gidi, àwọn ìwo àárín tí wíìlì ń ha náà á dán. Táńkì tí ń rìn ní oore yìí ju èyí tó jókòó sí pẹpẹ lọ: ó ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kò sì ní ṣì í ṣe.

Ẹrẹ̀ gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀, má fi àtíkè àwọ̀ lásán ṣe é. Bí táńkì bá ti mì, àtíkè á wọ inú bẹ́árìn, á pò mọ́ gírísì, á di sáńpépà nínú gíà. Po erùpẹ̀ tí o jọ̀ mọ́ fáníìṣì acrylic tí kì í dán, kí ó ki bí ẹ̀kọ, fi búrọ́ọ̀ṣì àlòkù kàn án sí abẹ́ mọ́dígáàdì àti ẹ̀gbẹ́ ara táńkì lẹ́yìn wíìlì. Yọ wíìlì kúrò kí o tó ṣe é. Bí ó bá gbẹ, yí wíìlì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kí o rí i pé kò sí èyí tó ń kan ẹrẹ̀ náà. Ìdí ilé ìbọn pẹ̀lú, níbi tó ti ń yí, má jẹ́ kí ohunkóhun wọ ibẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀dà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fọ́n fáníìṣì tí kì í dán sí gbogbo ara, àyàfi ibi tí epo dà sí. Nọ́ńbà 131, pupa tó ní etí funfun, ti gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ eruku náà tipẹ́, kì í ṣe lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé o ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ó dára, kàn jẹ́ kí eruku bò ó díẹ̀ bó ṣe bo ara yòókù.

Lọ́jọ́ tí ó bá rọrùn fún ọ, lọ sí Bovington fúnra rẹ, pàápàá ní ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Tiger Day tí wọ́n máa ń wa 131 jáde. Ya fọ́tò ìdí wíìlì, ojú ẹ̀wọ̀n, àti bí páànù ṣe lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ńsà. Ṣùgbọ́n má fi ìdọ̀tí tirẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe, torí wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Fún ìdọ̀tí, fọ́tò ọdún 1943 ni kí o wò, Imperial War Museums ní ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyára rẹ̀ náà, fetí sí i. Lórí pápá, nǹkan bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan ni Tiger lè sá. Pín in sí 16, ó di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Dín agbára rìmóòtù rẹ kù títí yóò fi rìn bẹ́ẹ̀, kí ó máa yà díẹ̀díẹ̀. Tí o bá ti wà á tán, fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ yọ òkúta àti koríko láàárín wíìlì kí o tó gbé e sílé, kí o yọ bátìrì, kí o wá fi gírísì díẹ̀ sí gíà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀wọ̀n òsì yẹn bá tún bọ́ lẹ́yìn tí o ti fi wọ́ṣà gbé wíìlì ẹ̀yìn rẹ̀ padà, fi fọ́tò rúlà lórí ẹ̀gbẹ́ wíìlì ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wo ibi tó ti fì.